Ẹ̀KỌ́: Ẹ̀BI ỌKÀN LÓRÍ Ọ̀RÀN ÌBÁLÒPỌ̀, LÁTI ÌGBÀ ỌLỌ́MỌGE TÍTÍ DI ỌJỌ́ OGBÓ

Bíbélì kíkà: Gẹ́nẹ́sísì 2:24–25, 2 Sámúẹ́lì 13:1–20, Jòhánù 8:1–11, 1 Kọ́ríńtì 7:3–5.

Kókó ẹ̀kọ́: Ẹ̀bi tí ó ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá a máa mú ènìyàn padà sílé. Ẹ̀bi tí ìtìjú lásán bí a máa lé ènìyàn wọ inú òkùnkùn.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí a máa ń sábà kọ́ nínú ẹgbẹ́. A mọ̀ pé àwọn kan nínú wa yóò wo àkọlé rẹ̀, wọn yóò sì fẹ́ ṣí ojú-ewé yìí kọjá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ni wọ́n sọ pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti dákẹ́ lórí ọ̀ràn yìí láti ìgbà ọlọ́mọge, tí tara wa sì ti bá wa dákẹ́ títí irun orí wa fi funfun.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó nínú Ìjọ, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa ni yóò rí ara wọn nínú rẹ̀. A óò pè é ní Ìyá Ayọ̀. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tí ó kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ sọ fún un ni pé bí ọkùnrin bá fọwọ́ kàn án pẹ́nrẹ́n, oyún dé nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń sá fún àwọn ọmọkùnrin, kódà kì í jókòó lórí àga tí ọkùnrin bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 23, wọ́n so òun àti ọkọ rẹ̀ pọ̀ nínú ilé Ọlọ́run. Gbogbo ìdílé jó, wọ́n yọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ara rẹ̀ ń gbọ̀n bí ti ẹni tí ó fẹ́ jalè. Ó bí ọmọ mẹ́rin fún ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìgbà kan tí ó súnmọ́ ọkọ rẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ kì í sọ fún un pé ohun tí kò yẹ ni ó ń ṣe. Nígbà tí àkọ́bí rẹ̀ bímọ, kíá ni ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní yàrá ọkọ rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn pé òun bọ́. Ọkọ rẹ̀ kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ìyá Ayọ̀ kò ṣe panṣágà rí. Ọkọ kan náà ni ó mọ̀. Síbẹ̀, ẹ̀bi bá a gbé fún ọdún tí ó lé ní 30. Ta ni ó dá a lẹ́bi? Kì í ṣe Ọlọ́run. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nìyí.

1. ORÍṢI Ẹ̀BI MÉJÌ

Ọlọ́run fi ẹ̀rí ọkàn sínú wa. Bí a bá ṣẹ̀, ó yẹ kí ó gún wa. Obìnrin tí ó da ọkọ rẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ kò sì dá a lẹ́bi, ọ̀ràn rẹ̀ burú ju ti ẹni tí ń sunkún lọ. Nítorí náà, a kò wá sọ pé kí ẹnikẹ́ni pa ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ lẹ́nu mọ́.

Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù Mímọ́ fi hàn nínú 2 Kọ́ríńtì 7:10 pé ìbànújẹ́ méjì ni ó wà. Ọ̀kan a máa mú ìrònúpìwàdà wá, èkejì a máa pa ènìyàn. Ẹ wo Pétérù àti Júdásì. Àwọn méjèèjì ṣẹ Olúwa ní òru kan náà, àwọn méjèèjì sì kábàámọ̀. Pétérù sunkún, ó sì padà sọ́dọ̀ àwọn ará. Júdásì lọ dá wà, ó sì para rẹ̀.

Báwo ni a ṣe lè mọ èyí tí ó wà lọ́kàn wa? Ẹ̀bi tòótọ́ a máa tọ́ka sí ohun kan pàtó tí a ṣe, ó sì ní òpin, nítorí pé ìdáríjì wà fún un. Ìtìjú lásán kò rí ohun kan tọ́ka sí. Ohun tí ó máa ń sọ ni pé ara wa fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun ẹ̀gbin. Irú ẹ̀bi bẹ́ẹ̀ kò ní òpin, nítorí pé kò sí bí ènìyàn ṣe lè ronú pìwà dà kúrò nínú jíjẹ́ obìnrin. Gẹ́nẹ́sísì 2:25 sì sọ fún wa pé ọkùnrin àti aya rẹ̀ wà ní ìhòòhò, ojú kò sì tì wọ́n. Ìbálòpọ̀ tọkọtaya ti wà kí ẹ̀ṣẹ̀ tó wọ ayé. Kì í ṣe èso ẹ̀ṣẹ̀.

2. OHUN TÍ ÀWỌN OLÙWÁDÌÍ RÍ

Àwọn onímọ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ohun tí ẹ̀bi yìí ń ṣe nínú ìgbésí ayé ènìyàn. Ní àwọn ọdún 1960, Donald Mosher, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ṣe àkójọ ìbéèrè tí a fi ń díwọ̀n bí ẹ̀bi ọ̀ràn ìbálòpọ̀ ṣe pọ̀ tó lọ́kàn ènìyàn. Ohun àkọ́kọ́ tí ìwádìí fi hàn kò lè ya ìyá kankan lẹ́nu. Àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ̀bi yìí pọ̀ lọ́kàn wọn kì í ní ìrírí ìbálòpọ̀ tó àwọn ẹgbẹ́ wọn. Bí ó bá jẹ́ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, a ó sọ pé kí a máa dẹ́rù ba àwọn ọmọ wa nìṣó.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Ní ọdún 1982, obìnrin olùwádìí kan, Meg Gerrard, tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yunifásítì jáde. Ó rí i pé láàárín àwọn tí ó ti ń bá ọkùnrin lò pọ̀, àwọn tí ẹ̀bi pọ̀ jù lọ́kàn wọn ni kì í sábà lo ọ̀nà tí ó dájú láti dènà oyún. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ọmọbìnrin tí ó bá múra sílẹ̀ ti jẹ́wọ́ fún ara rẹ̀ pé òun mọ ohun tí òun fẹ́ ṣe. Èyí tí ẹ̀bi ń jẹ lọ́kàn kò lè jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kí ó dà bí ẹni pé ọ̀ràn náà kàn já lu òun ni. Báyìí ni ẹ̀bi kò ṣe dá a dúró, tí kò sì jẹ́ kí ó dáàbò bo ara rẹ̀.

Ní ọdún 1993, àwọn Onítẹ̀bọmi ìhà Gúúsù ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní True Love Waits. Àwọn ọ̀dọ́ a máa fọwọ́ sí káàdì, wọn a jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn kò ní mọ ọkùnrin tàbí obìnrin títí di ọjọ́ ìgbéyàwó. Ní ọdún 2001, Peter Bearman àti Hannah Brückner fi hàn pé irú ẹ̀jẹ́ bẹ́ẹ̀ lè fa ìbálòpọ̀ àkọ́kọ́ sẹ́yìn ní nǹkan bí oṣù 18. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tí ó jẹ́jẹ̀ẹ́ bá ṣubú, wọn kì í sábà lo ohun ìdáàbòbò bí àwọn yòókù. Ní ọdún 2009, Janet Rosenbaum fi àwọn tí ó jẹ́jẹ̀ẹ́ wé àwọn ẹgbẹ́ wọn tí ìwà àti ìgbàgbọ́ wọn jọra ṣùgbọ́n tí wọn kò jẹ́jẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn ọdún 5, ìwà àwọn méjèèjì kò yàtọ̀ síra. Ìdá 82 nínú 100 àwọn tí ó jẹ́jẹ̀ẹ́ ni ó sọ pé àwọn kò jẹ́jẹ̀ẹ́ kankan rí.

A kò sọ pé ẹ̀jẹ́ kò dára, bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ pé kí àwọn ọmọ wa má pa ara wọn mọ́. Ohun tí a rí kọ́ ni pé ìbẹ̀rù lè dá ènìyàn dúró fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gbé e dé èbúté. Bí ẹsẹ̀ bá sì yọ̀, ìbẹ̀rù kan náà ni kò ní jẹ́ kí ó ké sí ẹnikẹ́ni.

3. BÍ Ó ṢE RÍ NÍ ILẸ̀ WA

Kí a má ṣe rò pé ọ̀ràn òyìnbó nìkan ni èyí. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀bi a máa bá obìnrin rìn ní ìpele mẹ́ta ó kéré tán.

(a) Ìgbà ọlọ́mọge. Láyé àtijọ́, ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, aṣọ funfun ni a máa ń tẹ́ sórí ẹní ìyàwó. Bí wọ́n bá bá a nílé, owó àti ẹ̀bùn ni yóò lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Bí wọn kò bá bá a nílé, akèǹgbè ẹmu tí kò kún tàbí páálí ìṣáná tí ó dín ni wọn yóò fi ránṣẹ́, ojú a sì ti ìyá rẹ̀ láàárín ẹbí. Àṣà yìí kọ́ni ní ìkóra-ẹni-níjàánu, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé kò sí aṣọ funfun tí a tẹ́ fún ọkọ ìyàwó. Àwọn dókítà sì ti fi yé wa pé kì í ṣe gbogbo wúńdíá ni ẹ̀jẹ̀ máa ń jáde lára rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè méjì sọ pé kò sí àyẹ̀wò kankan tí a lè fi mọ̀ bóyá obìnrin ti mọ ọkùnrin rí, wọ́n sì ní kí a dẹ́kun irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Ẹ ro iye ìyàwó tí kò ṣẹ̀ tí a ti dá lẹ́bi.

(b) Ìgbà abiyamọ. John Caldwell àti ìyàwó rẹ̀ Pat wádìí láàárín àwa Yorùbá, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1977. Wọ́n rí i pé abiyamọ a máa yẹra fún ọkọ rẹ̀ fún ọdún 2 tàbí 3, nítorí ìgbàgbọ́ pé àtọ̀ yóò ba wàrà ọmú jẹ́, ọmọ yóò sì ṣàìsàn. Ọgbọ́n wà nínú ohun tí àwọn ìyá wa ṣe. Òun ni ìfètò-sọ́mọ-bíbí tiwọn, ó sì gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ọmọ là. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni pé àtọ̀ kò lè dé inú wàrà. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6, bí ara ìyá bá ti san tí òun fúnra rẹ̀ sì fẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ìdí tí ó fi yẹ kí ẹ̀bi mú un. Kí ó kàn béèrè nípa ìfètò-sọ́mọ-bíbí lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Àwọn Caldwell yìí àti Ọ̀mọ̀wé I. O. Orubuloye tún ṣe ìwádìí ní Èkìtì, èyí tí ó jáde ní ọdún 1991. Wọ́n kíyè sí i pé àkókò ìtakété gígùn yìí wà lára ohun tí ń mú kí àwọn ọkọ wá obìnrin sí ìta. Ní ayé tí àrùn éèdì ti dé yìí, ohun tí ọkọ bá kó níta, ilé ni yóò gbé e wá.

(d) Ìgbà ìyá àgbà. Nínú ìwádìí kan náà, wọ́n rí i pé obìnrin a máa fi ọkọ sílẹ̀ pátápátá nígbà tí ó bá ti ní ọmọ-ọmọ, nítorí ìtìjú ni kí ìyá àti ọmọ jọ lóyún. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé bí nǹkan oṣù bá ti dúró, ìbálòpọ̀ yóò di àrùn síni níkùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá àwọn 3,005 tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 57 sí 85 lẹ́nu wò ní Amẹ́ríkà, nínú ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2007, ìdá 53 nínú 100 àwọn tí ó wà láàárín ọdún 65 sí 74 ni ó ṣì ń ní ìbálòpọ̀. Nínú àwọn obìnrin wọn, ìdá 22 péré nínú 100 ni ó ti bá dókítà sọ ọ̀rọ̀ náà láti ìgbà tí wọ́n ti pé 50. Àwọn òyìnbó tí a rò pé ojú kì í tì pàápàá ń fi pamọ́!

Òtítọ́ ni pé ojú ara obìnrin a máa gbẹ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dúró, ó sì lè máa dùn ún. Àìsàn tí ó ní ìtọ́jú ni, kì í ṣe àmì pé Ọlọ́run ní kí ó dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá tún yọ lẹ́yìn ọdún kan tí nǹkan oṣù ti dúró, ẹ má ṣe fi ìtìjú bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí ó lè jẹ́ àmì àrùn jẹjẹrẹ. Ìtìjú ti pa àwọn kan tí kò yẹ kí wọ́n kú.

Ẹ rántí ìyá wa Sárà nínú Gẹ́nẹ́sísì 18. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń bi ara rẹ̀ bóyá irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ tún kù fún òun ní ọjọ́ ogbó. Olúwa bi Ábúráhámù léèrè ìdí tí Sárà fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sọ pé ayọ̀ náà kò yẹ arúgbó. Bí tọkọtaya bá jọ fi ohùn ṣọ̀kan pé àwọn ti sinmi, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí Pọ́ọ̀lù sọ nínú 1 Kọ́ríńtì 7:5 ni pé kí ó jẹ́ nípa àjùmọ̀sọ. Ìyá Ayọ̀ kò bá ọkọ rẹ̀ sọ nǹkankan. Ó kàn kó ẹrù rẹ̀ ni.

4. Ẹ̀BI TÍ KÌ Í ṢE TIWA

Ẹ̀bi kan wà tí ó wúwo ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Ẹ ka ìtàn Támárì nínú 2 Sámúẹ́lì 13. Ámúnónì fi ipá bá a lò pọ̀, ṣùgbọ́n Támárì ni ó fa aṣọ rẹ̀ ya, òun ni ó ku eérú sórí, òun ni ó jókòó ní ahoro nínú ilé arákùnrin rẹ̀. Ábúsálómù ní kí ó dákẹ́. Dáfídì bínú, kò sì ṣe nǹkankan fún un. Gbogbo ilé jọ ṣe é kí ẹ̀bi ẹlòmíràn lè di tirẹ̀.

A mọ̀ dájú pé Támárì wà láàárín wa. Ìyá kan lè ti pé ẹni 60 ọdún kí ó ṣì máa gbé ohun tí wọ́n fi ipá ṣe fún un ní ọmọ ọdún 12. Arábìnrin wa, kì í ṣe ìwọ ni o ṣẹ̀. O kò ní ìrònúpìwàdà kankan láti ṣe lórí rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọ wa ni ó ṣẹlẹ̀ sí lónìí, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Oògùn wà tí ó lè dènà kòkòrò éèdì bí a bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tí ó ń dènà oyún. Láti ọdún 2013 ni a ti dá ibùdó Mirabel sílẹ̀ ní Ìkejà, ní Èkó, fún ìtọ́jú irú àwọn bẹ́ẹ̀. Kí a má ṣe jẹ́ Ábúsálómù tí ó ní kí ọmọ dákẹ́.

5. KÍ NI KÍ A ṢE?

Nínú Jòhánù 8, wọ́n mú obìnrin kan wá síwájú Jésù. Ẹ̀ṣẹ̀ tòótọ́ ni ó dá, Jésù kò sì sọ pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ mú ìdálẹ́bi kúrò lórí rẹ̀ kí ó tó sọ fún un pé kí ó má ṣẹ̀ mọ́. Àwa ni a máa ń yí i padà, tí a ó kọ́kọ́ sọ òkò, kí a tó wá sọ ìwàásù. Nítorí náà:

(i) Kí a sọ òtítọ́ fún àwọn ọmọ wa kí àjèjì tó sọ fún wọn. Kí wọ́n mọ bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bí oyún ṣe ń wáyé, kí wọ́n sì mọ ìdí tí a fi fẹ́ kí wọ́n dúró. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí a kọ́ àwọn ọmọkùnrin wa pẹ̀lú.

(ii) Bí ọmọ bá ṣubú, kí ọ̀dọ̀ wa jẹ́ ibi àkọ́kọ́ tí yóò sá wá. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá a wí, kí a fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọmọ tí ẹ̀rù ìyá rẹ̀ ń bà ju ẹ̀rù ikú lọ ni ó ń lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ayédèrú láti ṣẹ́yún.

(iii) Kí àwọn ìyá tí ó dàgbà máa bá àwọn ìyàwó tuntun sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé. Kí wọ́n sọ fún wọn ní gbangba pé ohun tí a ní kí wọ́n ṣọ́ ti di ẹ̀bùn báyìí. Hébérù 13:4 pe ìbùsùn ìgbéyàwó ní ohun ọlá.

(iv) Ẹni tí ó ti ṣẹ̀ tí ó sì ti jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run, kí ó gbà pé a ti dárí jì í. Kí ó má ṣe máa gbẹ́ ohun tí Ọlọ́run ti sin.

(v) Bí ọkọ àti aya bá ti jìnnà sí ara wọn, kí aya má ṣe dúró de ọjọ́ tí ọkọ yóò bínú. Kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan tó: “Bàbá Ayọ̀, láti ìgbà èwe ni ẹ̀rù ọ̀ràn yìí ti ń bà mí.” Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ lè ṣí ìlẹ̀kùn tí ó ti tì fún 30 ọdún.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyá tàbí ìyá àgbà wa sọ fún wa nígbà tí a kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù? Ṣé ohun kan náà ni a sọ fún àwọn ọmọ wa?
2. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹ̀bi Pétérù àti ẹ̀bi Júdásì?
3. Nínú àṣà mẹ́ta tí a mẹ́nu bà, èwo ni ó ṣì wà ládùúgbò wa? Kí ni ó yẹ kí a pa mọ́ nínú rẹ̀, kí sì ni ó yẹ kí a jù nù?
4. Bí ọmọbìnrin kan nínú Ìjọ bá sọ fún wa pé a fi ipá bá òun lò pọ̀, kí ni ẹgbẹ́ wa yóò ṣe ní ọjọ́ náà gan-an?

(Kí adarí ẹ̀kọ́ má ṣe fi ipá mú ẹnikẹ́ni láti sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ohun tí a bá sọ nínú ìpàdé yìí, kí ó kú síbẹ̀.)

ÀDÚRÀ

Baba wa ọ̀run, ìwọ tí o dá wa ní obìnrin tí o sì rí i pé ó dára, dárí ẹ̀ṣẹ̀ tí a dá ní tòótọ́ jì wá. Gba èyí tí kì í ṣe tiwa kúrò ní èjìká wa. Fún wa ní ẹnu láti bá àwọn ọmọ wa sọ òtítọ́, àti etí láti gbọ́ ẹkún wọn. Mú ayọ̀ padà sínú ilé tí ìtìjú ti lé e jáde. Nípa Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.